Kí dátà tó wọ cluster: bí ẹ ṣe lè yẹ ìbánisọ̀rọ̀ àwọn node wò dáadáa

Cluster ni àwọn sáfà mélòó kan tó para pọ̀ ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, node sì ni à ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Corosync ló ń jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, Pacemaker ló ń pín iṣẹ́ fún wọn. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn méjèèjì sórí àwọn sáfà yín tán, àṣẹ tí ọwọ́ máa ń yá láti tẹ̀ ni `pcs status`. Ìlà kan á jáde níbẹ̀ tó ní `Online: [ node1 node2 node3 ]`, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì palẹ̀ mọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń fa cluster lé lọ́wọ́ lẹ́yìn tí àwọn tó gbé e kalẹ̀ bá ti ṣe tán, kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí dátà ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Mi ò sì ka ìlà Online yẹn sí ẹ̀rí.

Ohun tí Online ń sọ kò ju pé ó kéré tán ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn node. Kò sọ iye ọ̀nà tó ṣí. Ká ní ẹ ṣe link méjì (ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì láàárín àwọn node), tí ìkejì kò sì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti fi í síbẹ̀, Online yìí kan náà ni ẹ ó máa rí lọ́sàn-án lóru, títí di ọjọ́ tí switch àkọ́kọ́ (àpótí tí wáyà àwọn sáfà ti ń pàdé) bá kú. Ọjọ́ yẹn lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ni cluster yín fi ń dúró láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò ni node mẹ́ta àti link méjì. Link 0 wà lórí 10.10.1.11 títí dé 10.10.1.13, link 1 sì wà lórí 10.10.2.11 títí dé 10.10.2.13. Corosync 3 ni, pẹ̀lú knet tó jẹ́ ọ̀nà ìrìnnà rẹ̀ láti ilẹ̀. Bó bá jẹ́ node méjì lẹ ní, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Níbi tó bá ti yàtọ̀, mo máa sọ.

Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ

Corosync máa ń gbé àmì kan tí wọ́n ń pè ní token láti node dé node, yípo yípo. Ẹni tó bá gbà á ló láṣẹ láti sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà á tì í síwájú. Bí token kò bá dé láàárín àkókò tí a dá fún un, Corosync á gbà pé ẹnì kan ti sọnù nínú wọn, á tún ẹgbẹ́ tò láìsí onítọ̀hún. Pacemaker á wá ní kí wọ́n pa iná node tó sọnù, tàbí kí wọ́n tún un tàn tipátipá, kó má baà máa kọ nǹkan sórí dísìkì kan náà tí àwọn yòókù ń kọ sí.

Láti Corosync 3.1, mílísẹ́kọ́ǹdù 3000 ni àkókò yẹn bí ẹ kò bá yí i padà, wọ́n á sì fi 650 kún un fún node kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí méjì. Fún àwa tá a ní mẹ́ta, 3650 ni. Ẹ wò ó dáadáa: nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ṣe ségesège fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré lè mú kí wọ́n pa sáfà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nítorí èyí ni mo ṣe ń fi gbogbo ara yẹ ìbánisọ̀rọ̀ wò ju gbogbo nǹkan yòókù lọ.

Kí ẹ lè rí iye tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an, ẹ bi Corosync fúnra rẹ̀, ẹ má kàn ka fáìlì:

```
corosync-cmapctl -g runtime.config.totem.token
```

Bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ àfojúrí lẹ kọ́ cluster sí, ẹ fara balẹ̀ níbí. Nígbà tí wọ́n bá ń ya snapshot (ẹ̀dà ipò tí ẹ̀rọ náà wà lásìkò yẹn), tàbí tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ náà láti orí sáfà kan lọ sí òmíràn láìpa á, ó lè dákú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, token á sì kọjá àkókò. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú pèpéle yẹn bí ìdákú náà ṣe máa ń gùn tó, kí ẹ tó pinnu iye tí ẹ máa fún token.

Orúkọ àti àdírẹ́sì

Ẹ tẹ èyí lórí node kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lórí ọ̀kan ṣoṣo:

```
getent hosts node1 node2 node3
```

Ohun tí ojú mi ń wá nínú èsì rẹ̀ ni 127. Nígbà tí ẹ bá ń fi Debian sórí kọ̀ǹpútà, ó sábà máa ń kọ irú ìlà yìí sínú `/etc/hosts`:

```
127.0.1.1   node1
```

Fún kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà níbẹ̀. Nínú cluster, wàhálà ńlá ni. Bí fáìlì ìṣètò bá fi orúkọ pe àwọn node, node1 á yẹ orúkọ ara rẹ̀ wò, á rí 127.0.1.1, á sì so etí rẹ̀ mọ́ àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò lè dé láti ìta. Node2 á ṣe bẹ́ẹ̀, node3 náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Kálukú wọn á wá dá cluster tirẹ̀ sílẹ̀ tí òun nìkan wà nínú rẹ̀, á sì máa sọ pé àwọn yòókù kò sí nílé. Ẹ yọ ìlà náà, tàbí kí ẹ fi àdírẹ́sì gidi rọ́pò 127.0.1.1.

Tèmi ni pé kí ẹ kọ àdírẹ́sì gan-an sínú `ring0_addr` (ti link 0) àti `ring1_addr` (ti link 1), kí ẹ fi orúkọ sí `name` nìkan:

```
node {
    ring0_addr: 10.10.1.11
    ring1_addr: 10.10.2.11
    name: node1
    nodeid: 1
}
```

Orúkọ rọrùn láti kà, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di bó ò lọ o yà fún mi, mi ò fẹ́ kí cluster ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi sáfà DNS pé níbo ni node2 ń gbé.

Ẹ rí i dájú pé kò sí `nodeid` tó jọra, àti pé àdírẹ́sì link 0 àti ti link 1 kò sí ní ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ dìde, ẹ lọ wo wáyà. Tí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀, ẹ bi ẹni tó lè débẹ̀, kó ya fọ́tò wá. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí gan-an, torí àdírẹ́sì méjì tó yàtọ̀ lórí ìwé lè jẹ́ VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfojúrí) méjì tó ń gba inú wáyà kan ṣoṣo kọjá. Ó sì lè jẹ́ wáyà méjì tó wọnú switch kan náà, tí switch náà sì ń lo orísun iná kan. Kò sí àṣẹ kankan lórí node tó máa sọ ìyẹn fún yín. Link méjì tó lè kú nígbà kan náà, link kan ni mo máa ń kà wọ́n sí nínú àkọsílẹ̀ mi.

Fáìlì àti kọ́kọ́rọ́

Èyí kì í gba àkókò. Lórí node kọ̀ọ̀kan:

```
sha256sum /etc/corosync/corosync.conf /etc/corosync/authkey
ls -l /etc/corosync/authkey
```

Nọ́ńbà gígùn tó bá jáde gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo wọn. Root nìkan ló gbọ́dọ̀ lè ka authkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí àwọn node fi ń ti ọ̀rọ̀ wọn pa. Bí kọ́kọ́rọ́ wọn kò bá dọ́gba, packet (ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́) á máa dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò ní lè tú u, á sì jù ú nù. Àìsàn yẹn máa ń dà bíi ti firewall (aṣọ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ó sì lè fi àkókò yín ṣòfò púpọ̀ bí ẹ kò bá tètè ro kọ́kọ́rọ́.

Ẹ tún wò ó bóyá `crypto_cipher` àti `crypto_hash` ní iye gidi. `pcs` máa ń fi aes256 àti sha256 síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ń dá cluster sílẹ̀ pẹ̀lú knet. Ẹni tó bá fọwọ́ kọ fáìlì rẹ̀ lè gbàgbé wọn, bó bá sì gbàgbé wọn, gbangba ni àwọn node á ti máa sọ̀rọ̀.

Bí nǹkan bá wà láti tún ṣe nínú corosync.conf, ẹ ṣe é lórí node kan, kí ẹ wá fi `pcs cluster sync` pín in kiri. Ẹ má fọwọ́ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pọ́ọ̀tì

Link 0 máa ń gba pọ́ọ̀tì UDP 5405, link 1 gba 5406, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gòkè lọ títí dé 5412, nítorí knet lè gbé link mẹ́jọ. Pcsd, ètò tí àṣẹ `pcs` ń bá sọ̀rọ̀ lórí node kọ̀ọ̀kan, ń lo TCP 2224. Bí ẹ bá ní qdevice (ará ìta tó ń fi ìbò kún ti àwọn node), sáfà tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ń fẹ́ TCP 5403. Bí ẹ bá sì ní node aláìlẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò tó ń lo pacemaker_remote, TCP 3121 ni tirẹ̀. Fún àwọn tó ń lo firewalld, gbogbo rẹ̀ wà nínú orúkọ kan:

```
firewall-cmd --permanent --add-service=high-availability
firewall-cmd --reload
firewall-cmd --get-active-zones
```

Ìlà kẹta yẹn ni kí ẹ wò jù. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì lè wà nínú zone (ìpín òfin firewall) mìíràn, àṣẹ àkọ́kọ́ tí ẹ pa kò sì ní kàn án rárá. Zone tí firewalld ń lò láti ilẹ̀ nìkan ló ṣí. Ohun tó sábà máa ń pa link 1 láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyí, nínú gbogbo cluster tí ọwọ́ mi ti kàn. Bí ẹ bá rí zone míì níbẹ̀, ẹ tún àṣẹ náà pa pẹ̀lú `--zone=` àti orúkọ rẹ̀.

Ẹ má fi ping lásán ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà ṣí. ICMP ni ping, UDP ni Corosync, firewall sì lè jẹ́ kí ọ̀kan kọjá kó dí èkejì. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra yín lórí wáyà (eno2 níbí dúró fún káàdì link 1):

```
tcpdump -ni eno2 udp port 5406
```

Ẹ gbọ́dọ̀ rí àdírẹ́sì yín tó ń lọ, kí ẹ sì rí tiwọn tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ tiyín nìkan ló ń lọ, ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ ẹnìkejì.

Iṣẹ́ kan wà tí ping wúlò fún, ìyẹn ni láti mọ̀ bóyá packet tó tóbi ń kọjá láìjẹ́ pé wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́:

```
ping -M do -s 1472 10.10.2.13
```

1472 pẹ̀lú orí packet tó jẹ́ 28 ló di 1500. Bí ẹ bá sọ pé MTU yín (ìwọ̀n packet tó tóbi jù tó lè kọjá) jẹ́ 9000, 8972 ni kí ẹ lò. Knet máa ń wá ìwọ̀n tó lè kọjá fúnra rẹ̀, síbẹ̀ bí switch kan láàárín bá kọ 9000 nígbà tí àwọn káàdì gbà á, mo fẹ́ mọ̀ kí àwọn ẹlòmíràn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tó máa jìyà rẹ̀.

Link kan lẹ́yìn èkejì

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ tẹ `corosync-cfgtool -s` lórí node mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ kọ èsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo ti node1 yìí:

```
Local node ID 1, transport knet
LINK ID 0 udp
        addr    = 10.10.1.11
        status:
                nodeid:  1:  localhost
                nodeid:  2:  connected
                nodeid:  3:  connected
LINK ID 1 udp
        addr    = 10.10.2.11
        status:
                nodeid:  1:  localhost
                nodeid:  2:  connected
                nodeid:  3:  disconnected
```

Nígbà tí èyí wà lójú yín, `pcs status` ṣì ń sọ pé Online ni gbogbo wọn. Òótọ́ ló ń sọ, torí link 0 ń gbé wọn. Ṣùgbọ́n link 1 ti já láàárín node1 àti node3.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ka ti node2 àti node3 ná. Bí node2 náà bá sọ pé òun kò rí node3 lórí link 1, tí node3 sì sọ pé òun kò rí ẹnì kankan níbẹ̀, ọ̀dọ̀ node3 ni àìsàn wà: káàdì rẹ̀, wáyà rẹ̀, ibi tó ti wọ switch, tàbí zone firewall rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sọ pé àwọn kò rí ẹnikẹ́ni lórí link 1, ẹ fi àwọn node sílẹ̀, ẹ lọ bá switch tàbí VLAN. Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni ẹ̀kẹta: node2 ń rí node1 àti node3 dáadáa lórí link 1, ṣùgbọ́n node1 àti node3 kò rí ara wọn. Wáyà kò lè fà á, torí káàdì àwọn méjèèjì ń bá node2 sọ̀rọ̀. Òfin firewall tó dárúkọ àdírẹ́sì kan ni kí ẹ wá, tàbí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ lódì nínú fáìlì tí kò bá ti àwọn yòókù mu, tàbí ẹ̀rọ míì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lo àdírẹ́sì ọ̀kan nínú wọn.

`corosync-cfgtool -n` máa ń to ọ̀rọ̀ kan náà ní node sí node, á sì fi MTU tí knet ti rí hàn. Bí ti link kan bá kéré sí ti èkejì lọ́nà tí ẹ kò retí, ẹ padà síbi ping tí mo sọ lókè.

Ìbò

Node kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ìbò tó ju ìdajì lọ sì ni cluster nílò kó tó lè ṣiṣẹ́; iye yẹn ni wọ́n ń pè ní quorum. Ẹ tẹ `corosync-quorumtool -s`. Fún node mẹ́ta: Expected votes 3, Total votes 3, Quorum 2, kí Quorate sì jẹ́ Yes. Bí àròpọ̀ ìbò bá dín sí èyí tí wọ́n ń retí nígbà tí gbogbo sáfà wà lójúfò, ẹnì kan kò tíì wọlé. Fún node méjì, ẹ wá `two_node: 1` nínú apá quorum. Ó máa ń mú `wait_for_all` dání, ìyẹn ni pé bí àwọn méjèèjì bá jí láti inú òkùnkùn, wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọ́n á fi kọ́kọ́ rí ara wọn.

Ohun tí àkọsílẹ̀ ń sọ

Ẹ jẹ́ kí cluster ṣiṣẹ́ mọ́jú, pàápàá lálẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ dátà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí ẹ wá ka `journalctl -u corosync`. Bí ẹ bá rí `Token has not been received in 2737 ms`, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 3650 ti kọjá láìrí token. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa ẹnì kan nìyẹn. Bí ẹ bá rí `Retransmit List` tó ń tò lé ara wọn, packet ń sọnù lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá rí `link: host: 3 link: 1 is down` nígbà tí sáfà ń tàn, kò burú. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan, mi ò ní gba irú cluster bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n máa kánjú tó.

Kí aago àwọn node bára mu pẹ̀lú, ẹ wò ó pẹ̀lú `chronyc tracking`. Token kò gbẹ́kẹ̀ lé aago ọjọ́, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo nínú àwọn mẹ́ta, aago ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ gé e fúnra yín

Kí dátà tó wọlé ni ẹ ṣe èyí. Lórí node1, ẹ jẹ́ kí `watch -n1 corosync-cfgtool -s` máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wá yọ wáyà link 1 lára node3. Ó gbọ́dọ̀ di disconnected lójú yín, kí `pcs status` má sì yí padà rárá, kí iṣẹ́ kankan má ṣí kúrò níbi tó wà. Ẹ dá wáyà padà, ẹ dúró kí connected padà wá, kí ẹ tó kàn link 0. Link 0 yìí ni ìdánwò tó ṣòro jù, torí ní ipò passive tí knet ń lò láti ilẹ̀, link kan ló ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ nígbà tí èkejì ń dúró dè é. Ìgbà tí ẹ bá gé èyí tó ń gbé e lẹ ó mọ̀ bóyá èkejì lè gbà á.

Bí ẹ kò bá lè dé ibi wáyà, ẹ dí pọ́ọ̀tì ní ìwọlé àti ìjáde:

```
iptables -I INPUT  -p udp --dport 5406 -j DROP
iptables -I OUTPUT -p udp --dport 5406 -j DROP
```

Ẹ má ṣe ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má lo ifdown. Àdírẹ́sì á kúrò lára káàdì bí ẹ bá lò ó, ìyẹn kì í sì í ṣe irú ikú tí wáyà tó já tàbí switch tó kú máa ń kú.

Ní ìparí, ẹ gé link méjèèjì lára node3. Node1 àti node2 gbọ́dọ̀ di ìbò wọn mú, kí wọ́n sì tún node3 tàn tipátipá. Ẹ ó rí i nínú `pcs stonith history`, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn node tí wọ́n ti pa tàbí tún tàn. Bó bá jẹ́ `UNCLEAN (offline)` ló dúró sí, tí kò kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ tó yẹ kó pa á kò gbọ́ àṣẹ. Àwọn iṣẹ́ tó wà lórí node3 kò sì ní lọ síbòmíràn, nítorí Pacemaker kò ní gbà pé ó ti kú láìrí ẹ̀rí. Ẹ wò ó bóyá ọ̀nà tó lọ sí IPMI rẹ̀ (ẹ̀rọ tí a fi ń pa sáfà láti òkèèrè) kò gba inú switch kan náà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Ẹ wá tún gbogbo node tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún `corosync-cfgtool -s` wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin firewall tí ẹnì kan pa láìfi `--permanent` sí i á parẹ́ níbí, ibí sì sàn fún un láti parẹ́ sí.

Ohun tó kù ni ìṣọ́. Pacemaker kò ní ké sí yín bí link kan bá kú nígbà tí èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́, torí lójú tirẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ fi ń ṣọ́ àwọn sáfà yín máa ka èsì `corosync-cfgtool -s` lórí node kọ̀ọ̀kan, kó sì pè yín ní gbàrà tí ọ̀rọ̀ náà disconnected bá yọjú nínú rẹ̀, kódà bí Online bá ṣì wà lókè.